Kí A Má Rí Irú Ẹ̀ Mọ́: Irú Wo?

Àdúrà kan wà tí gbogbo wa mọ̀. Bí òkú ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, tí a wọlé lọ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, lẹ́yìn "ẹ kú àfẹ́kù" àti "ẹ kú ìrọ́jú", a ó fi kún un pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́." Gbogbo ilé á ṣe àmín. Àdúrà náà dára, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dá mi dúró: irú. Irú wo? Bí a kò bá mọ irú ikú tó wọlé, kí la fẹ́ fi dá a mọ̀ nígbà tó bá tún kan ilẹ̀kùn? Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ṣé gbèsè ni ó jẹ́ lọ́rùn wa láti mọ ohun tó pa ènìyàn wa, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀? Àbí ìyọnu lásán ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó kú ti kú?

Mi ò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá ń kọ software kò lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà kó má mọ̀ pé ohun tó bàjẹ́, tí wọn ò kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bọ̀ wá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ni.

Ẹ gba ìlú Ìdànrè kọjá, láti Aládé títí dé Òdòdè, kí ẹ máa wo ara ògiri àti òpó iná. Pósítà òkú pọ̀ níbẹ̀ bó ṣe pọ̀ ní gbogbo ìlú wa. Ẹ ó rí fọ́tò olóògbé, iye ọdún tó lò láyé, orúkọ àwọn ọmọ àti ìlú òkèèrè tí wọ́n ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àsìkò àìsùn, àti ibi tí wọ́n ti máa gbàlejò. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ ò ní rí níbẹ̀: ohun tó pa á. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́, "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́" ni. Ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún mẹ́ta, àìsàn ránpẹ́. Ẹni tó ṣubú lulẹ̀ láàárọ̀ tó kú lọ́sàn-án, àìsàn ránpẹ́. Tí wọ́n bá kó irú àkọsílẹ̀ yìí fún èmi pé kí n fi ṣe database, òfo ni mo máa kà á sí, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo ènìyàn mu kò sọ nǹkan kan nípa ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ní ìlú London, ní bí irínwó ọdún sẹ́yìn, wọ́n máa ń tẹ ìwé kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó ń sọ iye ènìyàn tó kú àti ohun tó pa wọ́n. Àwọn ìyá àgbà tí kò rí já jẹ ni wọ́n ń rán lọ wo òkú náà, ohun tí wọ́n bá sọ ni wọ́n ń kọ. Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ: eyín (fún ọmọ ọwọ́ tó kú lásìkò tó ń hu eyín), òjijì, ìbànújẹ́, ẹ̀rù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Graunt, oníṣòwò aṣọ lásán tí kì í ṣe dókítà, ló jókòó ti àwọn ìwé yìí, ó sì tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1662. Ó mọ̀ pé àkọsílẹ̀ náà ní àbùkù. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé bí ìdílé bá bu ọtí fún àwọn ìyá àgbà náà, tí wọ́n sì fún wọn lówó díẹ̀, wọ́n á fi orúkọ àìsàn mìíràn bo àrùn ìtìjú mọ́lẹ̀. Àìsàn ránpẹ́ tiwọn nìyẹn. Àwa náà mọ ohun tí tiwa ń bò: kòkòrò HIV, oyún tí wọ́n ṣẹ́ níkọ̀kọ̀, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Síbẹ̀, Graunt kò da ìwé náà nù nítorí pé ó dọ̀tí. Ó kà á. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, nǹkan bí 36 ni yóò ti kú kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́fà. Ẹ rò ó wò. Bóyá ni ilé kan wà ní London nígbà náà tí kò tíì sin ọmọ rí, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ iye yìí kó tó kà á. Ilé kọ̀ọ̀kan mọ ti ilé tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ti ìlú.

Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ikú ní ọ̀nà tó ń gbà. "Ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀." Ẹ̀kọ́ ńlá ló wà nínú òwe yìí: ohun tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ àti ibi tó ń gbé ló sábà máa ń pinnu ohun tó máa pa á. Ní Ìdànrè tó jẹ́ ìlú kòkó, ẹni tó ń roko ìdí kòkó ni ejò máa bù jẹ, ẹni tó ń fín oògùn apakòkòrò láìbo imú ló máa fà á símú. Ẹni tó sọ òwe yẹn lákọ̀ọ́kọ́ ti wo ikú ọ̀pọ̀ ènìyàn kó tó sọ ọ́. Kò lè jẹ́ òmùwẹ̀ kan ṣoṣo ló rí.

Ṣùgbọ́n òwe mìíràn wà tó ń fa ọwọ́ wa sẹ́yìn: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" A máa ń pa á nígbà tí ọ̀rọ̀ bá hàn kedere. Èmi náà ń pa á. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú u wò bí ẹni ń tú ẹ̀rọ. Àjẹ́ ké, ọmọ kú: ìyẹn là ń rántí. Mélòó ni alẹ́ tí nǹkan ké, tí ọmọ kankan kò kú? Mélòó ni ọmọ tó kú láìsí ohun tó ké? Mélòó ni alẹ́ tí nǹkan ò ké, tí ọmọ ò sì kú? Àpótí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo là ń wò. Ẹni tó bá ka ohun tó wà nínú àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó fi wọ́n wéra, iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ nípa ikú àti àìsàn láàárín ìlú ló ń ṣe yẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Òwe kejì yìí náà ló gbé ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wa jáde. A kì í sábà béèrè pé kí ló pa á. "Ta ló pa á?" là ń béèrè. Mi ò ní fi ìbéèrè yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìfẹ́ ló ń bí i. Ìyàwó ẹni kú níbi ìbímọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dà púpọ̀. Ó yé wa. Àmọ́ àwọn mìíràn náà bímọ lọ́jọ́ yẹn, kí ló dé tó fi jẹ́ òun? Kò sí ìṣirò kankan tó lè dáhùn ìyẹn. Ìmọ̀ nípa ikú ọ̀pọ̀ ènìyàn lè sọ fún wa ìdí tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò lè sọ ìdí tó fi jẹ́ lágbájá. Ẹni tó bá ṣèlérí ìyẹn fún ẹ, irọ́ ló ń pa. Ohun tí mo ń sọ ni pé "ta ló pa á" máa ń yára rí ìdáhùn jù. Ó máa ń rí ìyá àgbà kan nínú agboolé, tàbí orogún, tàbí ìyàwó tí wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára. Bó bá sì ti rí ẹni náà, ìwádìí parí. Ohun tó pa á gan-an ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àwọn pósítà. Àwọn wo ni kì í ní pósítà rárá? Ọmọdé ni, àti ọ̀dọ́. Àṣà wa ya òkú àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára òkú ọ̀fọ̀. Àgbà kú, a pa màlúù, a ṣe ìnáwó. Ọmọ kú, wọ́n á yára sin ín, wọn ò ní jẹ́ kí òbí rẹ̀ mọ ojú oórì, a ò sì ní dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àánú ló wà nídìí àṣà yìí. Wọn ò fẹ́ kí ìyá máa tú ọgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yọrí sí. Àwọn ikú tó bójú mu, tí kò sí ohun púpọ̀ tí a lè ṣe sí i, la ń kéde. Àwọn ikú tó yẹ ká lè dá dúró la ń bò.

Òfin orílẹ̀-èdè yìí, láti ọdún 1992, ti sọ ọ́ di dandan pé kí a forúkọ gbogbo ẹni tó bá kú sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ètò ìkànìyàn. Ta ló ń ṣe é? Àwọn tó fẹ́ gba owó báńkì bàbá wọn, tàbí owó ìfẹ̀yìntì, tàbí tí wọ́n ń jà sí ilẹ̀. Ọmọ ọdún méjì kò ní owó ní báńkì. Obìnrin tó ń gbé abà kòkó kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Bí ẹni tó kú kò bá fi ohun ìní sílẹ̀, ikú rẹ̀ náà kò sábà dé inú ìwé.

Lórí Òkè Ìdànrè, níbi tí ìlú náà wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ààfin àtijọ́ ṣì wà, ilé ẹjọ́ wà, ibojì àwọn ará àtijọ́ náà wà. Láti ọdún 2007 ni UNESCO ti kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí wọ́n lè kà sí ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn ọgọ́rọ̀ọ̀rún náà débẹ̀ máa mọ bí wọ́n ṣe kọ́lé àti ibi tí wọ́n ti dájọ́. Ohun tó pa àwọn ọmọ wọn, òkè kò lè sọ. Wọn ò ní ìwé nígbà náà, ìyẹn yé mi. Àwa tí a ní fóònù lọ́wọ́, kí ni àwíjàre tiwa?

Báwo wá ni Nàìjíríà ṣe mọ iye àwọn ọmọdé tó ń kú? Wọ́n ń béèrè ni. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, 132 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ó tún sọ pé bí ìbímọ bá pé 100,000, ìyá 512 ló ń bá a lọ. Kì í ṣe inú ìwé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti kó iye àwọn ìyá yìí jọ, nítorí ọ̀pọ̀ kò débẹ̀. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bi àwọn obìnrin pé: ọmọ mélòó ni ìyá yín bí? Àwọn wo ló kú? Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín obìnrin tó kú yẹn, ṣé ó lóyún ni? Ṣé ibi ìbímọ ni? Báyìí ni wọ́n ṣe tẹ́ iye orílẹ̀-èdè látinú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìyá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Òótọ́ ni. Bí mo bá ṣe lóye òwe yẹn sí, ẹni tó ń kà á fún ọlọ́mọ ló ń bá wí: alágbèédè tó ń ka ire oníre pẹ̀lú ojú kòkòrò. Kò sọ pé kí ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ má mọ iye tó bí. Ìlú ni ọlọ́mọ níbí o. Bí ìlú kò bá ka ọmọ rẹ̀, yóò pàdánù wọn kò sì ní mọ̀.

Ẹ sì jẹ́ ká rántí pé àwa náà ti ń ka òkú tipẹ́, àmọ́ inú orúkọ la ń kọ ọ́ sí. Málọmọ́. Kòkúmọ́. Bánjókòó. Dúrójayé. Kòsọ́kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí ń sọ pé ẹnì kan ti kú nínú ilé yìí ṣáájú ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n. Ohun tó tilẹ̀ wú mi lórí ni pé àwọn baba wa rí àpẹẹrẹ kan lóòótọ́: ikú ọmọ kì í pín dọ́gba láàárín ilé. Ilé kan wà tí ọmọ ń kú nínú rẹ̀ léraléra, nígbà tí ilé kejì kò rí irú rẹ̀. Ojú wọn kò tàn wọ́n. Ìdí rẹ̀ ni wọn kò rí. Wọ́n ní ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀.

Ní 1910, dókítà kan ní Chicago ṣàpèjúwe ẹ̀jẹ̀ tó rí bí dòjé lára akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé inú èròjà ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni àbùkù náà wà. Lónìí, ọmọ ilé ìwé girama mọ̀ ọ́n: bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Kì í ṣe gbogbo abíkú ni SS. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi náà kó tiwọn. Láti àwọn ọdún 1950 ni dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley ti ń tọ́ ipasẹ̀ àwọn ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nítòsí Iléṣà. Ó ń wọn ìwúwo wọn lóṣooṣù, ó ń kọ ọ́ sórí káàdì tí ìyá máa mú lọ sílé. Àkọsílẹ̀ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé mọ bí èéyi ṣe ń pa ọmọdé tó ní ilẹ̀ adúláwọ̀, ó sì wà lára ibi tí wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Ṣé ẹ rí ohun tí ìdáhùn tí kò tọ́ ná wa? Wọ́n ń fi ọ̀bẹ sàmì sára òkú ọmọdé. Wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́ fún alààyè. Wọ́n ń wo ìyá bí ẹni tó ń bí ẹ̀mí burúkú. Ìdáhùn tó tọ́ kò jí òkú kankan dìde, àmọ́ ó mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ìyá. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan tó ìdí láti wádìí.

Ibà Lassa náà kọ́ wa ní ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ní 1969, nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa, ní Bọ̀rnó, ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì, ó kú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ kú. Ẹ̀kẹta tó tọ́jú wọn ṣàìsàn, àmọ́ ó yè. Ká ní inú agboolé ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ mọ ohun tí a máa sọ: ẹnì kan ló dájú lé ìdílé yìí. Lónìí, ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí àrùn yìí pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì wà lára àwọn tó ń gba àwọn tó bá mú jù. Eku ló ń gbé e wọ oúnjẹ wa, omi ara aláìsàn sì ń gbé e kọjá sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ àti ẹni tó wẹ òkú rẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó fara hàn lára ẹni tó kó o. Nígbà náà, gbogbo ènìyàn ti gbàgbé ẹni tó fọ aṣọ aláìsàn. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ olóògbé jù, tó sún mọ́ ọn jù, ni ikú máa ń tẹ̀ lé. "Ta ló pa á?" nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí léwu, nítorí ó ń jẹ́ kí a máa wá ọ̀tá kiri níta nígbà tí ìka eku wà lórí gààrí inú ilé.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ló ti gbìyànjú láti yí ìbéèrè yìí padà lábẹ́ òfin. Ní 2009, ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ. Ní 2010, wọ́n ṣòfin pé gbogbo ikú aláboyún àti ìyá ọmọ tuntun ní ìpínlẹ̀ náà, ìbáà jẹ́ ní ọsibítù, ní ilé, tàbí ní ilé ìbímọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ́dọ̀ di ohun tí wọ́n ń ròyìn, kí àwọn onímọ̀ sì wádìí rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Bòókẹ́lẹ́ yìí ni ọkàn òfin náà. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1952: wọ́n á bo orúkọ aláìsàn àti ti òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ èyí. Bí ètò bá wó lulẹ̀ lóru, a máa ń kọ ìròyìn tí a ń pè ní postmortem. Ọwọ́ àwọn dókítà la ti yá orúkọ náà. Òfin àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni pé a kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ta ló bà á jẹ́?" Kì í ṣe pé a jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ o. Bí ẹ̀rù bá ń ba ẹnì kan pé wọ́n á lé e, ó máa pa àkọsílẹ̀ rẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nọ́ọ̀sì náà ènìyàn ni. Bó bá mọ̀ pé ọlọ́pàá ni òótọ́ máa mú wá, káàdì aláìsàn á sọnù.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀ ẹ́ wò. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè fẹ̀ gan-an, 1,914 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 129,024 níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé abà kòkó nínú igbó, títí lọ sí apá Òfósù. Ká ní obìnrin kan bímọ ní irú abà bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dá, ó kú. Kí ló pa á? Ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ fi rí àyè pa á? Ní 1994, àwọn olùwádìí méjì, Thaddeus àti Maine, pín in sí ìdádúró mẹ́ta: wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pinnu láti lọ, wọ́n pẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n dé ọ̀hún tán, ìtọ́jú pẹ́. Àwọn ará Abíyè fi ìkẹrin kún un: ilé ìwòsàn kékeré pẹ́ kó tó fi í ránṣẹ́ sí ńlá. Gbogbo ìdádúró yìí ló ní olúwa rẹ̀. Ọkọ kò sí nílé, kò sì sẹ́ni tó láṣẹ láti ná owó. Òjò ti ba ọ̀nà abà jẹ́, ọ̀kadà nìkan ló lè kọjá. Ẹ̀jẹ̀ kò sí ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó.

Níbí ni ẹ ó ti rí ohun tó ń ya mí lẹ́nu nípa ìbéèrè méjèèjì. Bí ẹ bá bi "kí ló pa á" dé òpin, "ta" máa tún yọjú, àmọ́ ojúlé rẹ̀ ti yí padà. Kò sí lọ́dọ̀ ìyá àgbà inú agboolé mọ́. Ó wà ní ọ́fíìsì ẹni tó gba owó ọ̀nà tí kò ṣe é. Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó yẹ kó ra fíríìjì ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn alágbára kì í fi bínú bí a bá ń pariwo àjẹ́.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé: tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kan fi aláìsàn sílẹ̀ lóòótọ́, tó lọ sùn ńkọ́? Ṣé bòókẹ́lẹ́ kò ní bo ọ̀daràn? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì rò pé ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Ohun tí mo gbà ni pé iyàrá méjì ló yẹ kó wà. Ilé ẹjọ́ wà fún ìdájọ́, ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ síbẹ̀. Iyàrá kejì wà fún ẹ̀kọ́. Bí a bá sọ ọ́ di ilé ẹjọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ òótọ́ níbẹ̀, aláboyún tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló sì máa san gbèsè náà. Ìjọba Oǹdó lo irú ọgbọ́n yìí lórí àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀. Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi rù wọ́n. Dípò bẹ́ẹ̀, nínú ètò Agbẹ̀bíyè tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, wọ́n ń fún wọn ní ẹ̀bùn bí wọ́n bá fi aláboyún ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí à bá máa pè ní apànìyàn di ẹni tó ń mú ìyá wá. Àmọ́ ètò kì í fúnra rẹ̀ béèrè ìbéèrè. Bí ìjọba bá yí padà, tí kò sí ẹni tó ń béèrè mọ́, òfin á wà nínú ìwé, ikú á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn tó kú sílé ńkọ́, tí dókítà kò rí wọn rí? Fún wọn, ọgbọ́n kan wà: wọ́n á rán ẹnì kan lọ bá ẹbí lẹ́yìn tí ọ̀fọ̀ bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, á jókòó, á sì máa béèrè. "Màmá, ẹ kú àfẹ́kù o. Ẹ má bínú pé mo tún mú un wá sí yín lọ́kàn. Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Ó tó ọjọ́ mélòó? Ṣé ó ń wúkọ́? Ṣé ìhà rẹ̀ ń wọnú tó bá ń mí?" Ìdáhùn wọn ló ń wọ inú ètò kọ̀ǹpútà bí InterVA, tó ń ṣírò èyí tó ṣeé ṣe jù nínú àwọn ohun tó lè pa á. Ní 2019, wọ́n ṣe irú ìwádìí yìí káàkiri Nàìjíríà nípa àwọn ọmọdé tó kú. Ètò náà lè ṣìnà lórí ẹnì kan. Bó bá di ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìlànà ikú á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Èmi tí mò ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ ohun kan nípa rẹ̀: kò sí ìṣirò tó lè dára ju ọ̀nà tí a gbà bá màmá yẹn sọ̀rọ̀ lọ. Bí a bá bi í bí ọlọ́pàá, irọ́ la máa ṣírò.

Ṣé kò ní ṣí ọgbẹ́? Ó lè ṣí i. Àmọ́ mi ò gbà pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń wo ọgbẹ́ sàn. Ìyá tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ti ń bi ara rẹ̀ lóru: àbí oògùn tí mo fún un ni? Àbí mo pẹ́ jù? Ìbéèrè wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀; òun nìkan ló ń dá a gbé.

Torí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé, bẹ́ẹ̀ ni, gbèsè ni. A jẹ ẹ́ sí ẹni tó kú, nítorí òun ló fi ẹ̀mí rẹ̀ ra ẹ̀kọ́ náà. A jẹ ẹ́ sí ẹni tí kò tíì kú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní káwa ọ̀dọ́ dúró de ìjọba kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ẹ lọ forúkọ ẹni tó kú sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àjọ ìkànìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, bí kò tiẹ̀ fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó fẹ́ra. Ẹ ṣí ìwé kan fún ìdílé, ó lè jẹ́ lórí fóònù: orúkọ, ọjọ́ orí, ọjọ́ tó kú, ohun tó ń ṣe é, iye ọjọ́ tó fi ṣe é, ibi tí wọ́n gbé e lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti mú ẹni mẹ́ta lọ nínú ilé yín kí wọ́n tó pé ọgọ́ta ọdún, ó yẹ kí ẹni tó ti pé ọgbọ̀n báyìí mọ̀.

Ẹ má sì fi àwọn kékeré sílẹ̀. Ọmọ tó kú kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ kò tíì ní orúkọ, kò ní fọ́tò, kò sẹ́ni tó máa tẹ pósítà fún un. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ọmọ lágbájá, ọkùnrin, ọjọ́ mẹ́ta, kò lè fa ọmú, ara rẹ̀ gbóná, ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn. Ìlà kan péré ni.